Ewúro Ọjọ́ Méje

Ìró ewé tí wọ́n ń fún ni ó jí Fẹ́yìsetán ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i láti ẹ̀yìnkùlé: ọwọ́ méjì tó ń gbo ewé mọ́ra nínú omi, tó ń fún un, tó tún ń gbo ó. Ọjọ́ kẹrin nìyí tí ìró náà ti ń jí i. Ojú fèrèsé ti ń funfun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá lódìkejì ti ń kan garawa nídìí kànga, ṣùgbọ́n ìró ewé yẹn nìkan ni etí rẹ̀ mú, nítorí ó mọ ohun tó máa tẹ̀lé e.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń fún ewé. Ìyá Ìkàrẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí Ìkàrẹ́ ló ti wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sọ̀ kalẹ̀ ní Agbowó pẹ̀lú àpò ewúro méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú mọ́tò, kò jókòó, kò mu omi, kó tó béèrè pé àbúrò òun dà. Ìfẹ́ ló gbé e wá. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro nìyẹn.

Gbádérọ̀, àbúrò náà, akọ̀wé ni ní Sẹkitéríàtì. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni dókítà sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, ọ̀kan láràárọ̀. Wọ́n tún fún un ní bébà kan tí wọ́n to oúnjẹ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí lẹ́tà ara rẹ̀ ti ń ṣá. Títílọpẹ́, ọmọ wọn tó ti fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ló kà á fún wọn. Bébà náà ní kí aláìsàn máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ó wá dárúkọ àwọn ẹ̀fọ́ náà: létúùsì, kábéèjì, kúkúmbà, àti méjì mìíràn tí Títílọpẹ́ wá títí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tà rí ní ọjà Bódìjà. Kò sí tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ṣọkọ, kò sí gbúre. Bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì fojú kan ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Fẹ́yìsetán gbìyànjú láti béèrè. Ó dìde lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, ó ní ẹ̀fọ́ tiwa ńkọ́, ṣé kí òun má sè é mọ́ ni, àbí báwo ni kí òun ṣe sè é. Nọ́ọ̀sì ti ń pe orúkọ ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n pè sì ti ń fi èjìká tì í kọjá.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń táràrà kiri nínú yàrá tí iná ti kú. Ó dín èbà ọkọ rẹ̀ kù títí ó fi dà bí ìkúùkù ọmọdé. Ó fi ẹ̀fọ́ kún àwo títí ẹ̀fọ́ fi pọ̀ ju èbà lọ. Ṣíbí ló fi ń wọn epo, kì í dà á láti ẹnu ìgò mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Gbádérọ̀ ráhùn pé wọ́n ti sọ òun di ewúrẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń fi ìka nu àwo. Kò jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jìn wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìkàrẹ́ dé.

Òfin tirẹ̀ kò nílò bébà, ó sì yé gbogbo èèyàn. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé dídùn ló bí àìsàn náà, kíkorò nìkan ló lè lé e jáde. Tẹ̀tẹ̀ kò korò, nítorí náà ṣúgà wà nínú rẹ̀. Epo kò gbọdọ̀ kan ewé, iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án. Èbà, iṣu, ìrẹsì, títí kan ẹ̀wà, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà fún ọjọ́ méje. Omi ewúro láàárọ̀, ewúro bíbọ̀ lásán lọ́sàn-án, omi ewúro lálẹ́. Ó gbà kó máa mu oògùn ọsibítù, kí àwọn méjèèjì lè jọ ran ara wọn lọ́wọ́. Ó kó páálí ṣúgà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó agolo mílíìkì, ó pín wọn fún àwọn ọmọ ilé kejì. Ó béèrè lọ́wọ́ Fẹ́yìsetán pé nínú ilé tí ṣúgà ti fẹ́ pa èèyàn, kí ni ṣúgà tún ń wá. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání.

Àti pé ọkọ ni Ìyá Ìkàrẹ́ jẹ́ fún un. Obìnrin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ìyàwó ni, ìbáà ṣe ọmọ ọdún méjì. Ìyá Ìkàrẹ́ sì ti lé ní ọgọ́ta. Ọdún méjìdínlógún ni Fẹ́yìsetán ti ń kúnlẹ̀ kí i, tó ń pè é ní ọkọ mi, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń gba ìkòkò lọ́wọ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó fi ìró aṣọ rẹ̀ bo mọ́ínmọ́ín kan, ó gbé e wọ yàrá tọ Gbádérọ̀ lọ. Ewé ni ó fi pọ́n ọn, ẹyin wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó fún ìgbà pípẹ́. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀, Fẹ́yìsetán rí i bó ṣe gbé e mì.

"Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n mi ni mo dàgbà sí, Fẹ́yì," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Jẹ́ kí n ṣe é parí fún un."

Fẹ́yìsetán lọ jẹ mọ́ínmọ́ín náà fúnra rẹ̀ ní ìdúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì mọ ìtọ́wò rẹ̀.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni ọjọ́ kejì yẹn, ọjọ́ ìmọ́tótó. Láti aago méje di mẹ́wàá, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn, ṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọdọ̀ ṣí, ẹni tí wọlé-wọlé bá bá lójú títì, ó di ọ̀dọ̀ adájọ́. Ní ọdún 1995 yẹn, wọn kì í bá èèyàn ṣeré rárá. Gbogbo ayálégbé jáde pẹ̀lú àdá, ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì. Gbádérọ̀ náà jáde. Ó ti mu oògùn rẹ̀, ó ti mu omi ewúro kún ife ńlá lé e lórí, ìfófòó rẹ̀ ṣì wà létí irunmú rẹ̀. Fẹ́yìsetán ní kó jókòó, ó ní òun àti Títílọpẹ́ yóò ṣe tiwọn. Ó dáhùn pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ilé òun nìkan ni obìnrin ti ń gbọ́n gọ́tà.

Tàjúdéènì, fọkanáísà tó ń gbé yàrá iwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀ bó ti rí i. Ó ní Bàbá Títí ti fọn bí ọkọ ìyàwó, ó ní kí Màmá Títí máa ṣọ́ ọ o, kí wọ́n má lọ fún un ní ìyàwó tuntun ní ọ́fíìsì. Àwọn tó wà nídìí gọ́tà rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí ìtọ̀ ṣúgà, olúkúlùkù sì ní ohun tí ó mọ̀. Ẹnì kan ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan ni àbúrò bàbá òun jẹ fún ọdún mẹ́ta. Ìyá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ ní kí wọ́n wo ibi tó bá tọ̀ sí bóyá èèrà yóò bò ó. Òmíràn ní òyìnbó ló kó o wá. Kò sí ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀. Ìyá Ìkàrẹ́ dúró lórí fàráńdà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, kí wọ́n padà wá wo àbúrò òun nígbà tí ọjọ́ méje bá pé.

Fẹ́yìsetán ń gbá iwájú ilé. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Òwúrọ̀ náà tutù, ọyẹ́ díẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, àwọn yòókù kò làágùn. Gbádérọ̀ fi ara ti ṣọ́bìrì, ó ń wo omi gọ́tà bí ẹni tó ń kàwé. Tàjúdéènì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Gbádérọ̀ dáhùn pé kó bá òun gbé fáìlì yẹn wá, ọ̀gá ń dúró dè é. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń dá padà. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ń wọ́, bí ti ẹni tó ti mutí. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sínú ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́n jáde.

Ẹ̀rín dá.

Tàjúdéènì àti ọkùnrin kan gbé e dé orí fàráńdà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń gbọ̀n, òógùn ń ṣàn láti orí rẹ̀ wọnú ọrùn ẹ̀wù. Ó ń wo Títílọpẹ́, ọmọ tirẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n. Fẹ́yìsetán nu ojú rẹ̀, ojú náà tún rin kó tó ká ọwọ́ kúrò.

Ìyá Ìkàrẹ́ wò ó, ó mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀, àìsàn náà ló ń bá òógùn jáde, òun ti mọ̀ pé yóò jáde, kí Títílọpẹ́ sáré lọ bu ife omi ewúro kejì wá kí ó lè jáde tán.

Ibẹ̀ ni Fẹ́yìsetán ti rántí.

Ní ìgbà kẹta tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, Gbádérọ̀ ti wọlé lọ bá dókítà, nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú bẹ́ńṣì, ó ń bá èèyàn tó lé ní ọgọ́ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ń ké, ilẹ̀kùn ń dún. Ó ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní ẹni tó bá mu oògùn yìí tí kò jẹun, bí ó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ kántankàntan, kí ẹ yára fún un ní ṣúgà. Obìnrin tó jókòó ti Fẹ́yìsetán rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti rẹ nọ́ọ̀sì, ẹ ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Fẹ́yìsetán náà rẹ́rìn-ín. Ta ló máa fún ẹni tí ṣúgà ń pa ní ṣúgà? Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí. Ó ti gbé e síbi tí èèyàn ń gbé àṣìsọ sí, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Bí nọ́ọ̀sì bá ṣì í sọ lóòótọ́ ńkọ́? Bí òun bá ṣì í gbọ́? Ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ti ń funfun. Ó wo ife tí Títílọpẹ́ gbé bọ̀, omi tútù dúdú tó ń fófòó. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú nínú gbogbo rẹ̀: láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin yìí kò tíì jẹun.

Ó yíjú sí Wùnmí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, ó ní kó bá òun mú ṣúgà wá, ṣúgà tó fi ń mu gaàrí.

Wùnmí kò mira. Ìwé ìtàn ló ń kà ní yunifásítì, kò mọ nǹkan kan nípa àìsàn, ó sì ń wo ojú àwọn àgbà láti mọ ohun tí yóò ṣe. Ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ní wọ́n ti ń da kẹrosíìnì sí iná báyìí. Tàjúdéènì bẹ Màmá Títí pé kí wọ́n ní sùúrù, kí aago mẹ́wàá lù, òun fúnra òun yóò wá takisí. Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lù.

Ìyá Ìkàrẹ́ wá dúró sí àárín Fẹ́yìsetán àti ọkọ rẹ̀. Kò pariwo.

"Ìyàwó, o fẹ́ pa á?"

Fẹ́yìsetán kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, níwájú gbogbo ayálégbé, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú sí mi," ó ní.

Ọdún méjìdínlógún ló ti ń kúnlẹ̀ báyẹn, tó sì máa ń dúró títí wọn yóò fi ní kó dìde. Ní àárọ̀ yẹn kò dúró. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wọ yàrá Wùnmí, ó bu ṣúgà pẹ̀lú ọwọ́ láti inú agolo, ó dà á sínú ife omi, ó ń fi ìka rò ó bó ti ń bọ̀. Ìyá Ìkàrẹ́ gbá a lọ́wọ́ mú. Díẹ̀ dànù sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Fẹ́yìsetán rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, kò jà.

Títílọpẹ́ gbé orí bàbá rẹ̀ sókè. Fẹ́yìsetán fún un ní díẹ̀, ó dúró kó gbé e mì, ó tún fún un ní díẹ̀. Èyí tó pọ̀ ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnì kan ń fi ṣọ́bìrì ha gọ́tà ní ilé kẹta, ìró náà ń wá, ó ń lọ. Ìyá Ìkàrẹ́ ti kọjú sí ògiri, ó gbé ọwọ́ lé orí. Fẹ́yìsetán ń ronú pé bí ọkọ òun bá kú, òun kò ní lè rí ilé kankan gbé ní ayé yìí mọ́. Ní Ìkàrẹ́, ní Ìbàdàn, wọn yóò máa sọ fún ọmọ tí wọn kò tíì bí pé obìnrin kan ló fi ṣúgà pa ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Díẹ̀, kó gbé e mì. Díẹ̀.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n tó rọlẹ̀. Gbádérọ̀ lá ètè rẹ̀. Ó wo Títílọpẹ́, ó bi í pé kí ló ń sun ún lẹ́kún. Ó wo ara rẹ̀, ó rí ẹrẹ̀, ó sì ní ta ló fi ẹrẹ̀ ba ṣòkòtò òun jẹ́ báyìí. Tàjúdéènì bú sẹ́rìn-ín, ó sì sáré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Wọn kò dúró de aago mẹ́wàá mọ́. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà ní òpópónà kejì, ti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Màmá Démiládé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ín gba ẹ̀yìnkùlé, Gbádérọ̀ láàárín ọkùnrin méjì, Ìyá Ìkàrẹ́ lẹ́yìn pátápátá. Nọ́ọ̀sì náà wo ojú rẹ̀, ó gún ìka rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀, ó sì béèrè ohun tó jẹ láti àná. Gbádérọ̀ wo Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀. Fẹ́yìsetán ló sọ ọ́, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Nọ́ọ̀sì náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ bu ẹ̀wà àti búrẹ́dì láti ilé ìdáná òun wá fún un. Ìgbà tó ń jẹun lọ́wọ́ ló tó sọ̀rọ̀.

"Oògùn yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Oúnjẹ ló yẹ kó bá níbẹ̀. Ẹ kó oúnjẹ kúrò, oògùn kò mọ̀, ó ń fà á wálẹ̀ lọ títí kò fi ku nǹkan kan mọ́. Bí ẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú lẹ máa gbé wá bá mi."

Fẹ́yìsetán béèrè ohun tó ti ń fẹ́ béèrè láti oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì náà dáhùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, gbogbo rẹ̀, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro náà bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì fi se ọbẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Ṣùgbọ́n kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ni, kì í ṣe ní ipò oúnjẹ. Ó ní kí Gbádérọ̀ jókòó sọ́dọ̀ òun di ọ̀sán, nítorí ṣúgà náà tún lè já wálẹ̀. Kó má mu oògùn náà lọ́la, kí wọ́n sì padà sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Fẹ́yìsetán jókòó síbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ronú kan àwọn èèyàn orí bẹ́ńṣì yẹn, wọ́n lé ní ọgọ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú bébà létúùsì tirẹ̀, tó ń gbé e lọ sílé ní Mọ́níyà, ní Apẹ̀tẹ̀, ní Challenge, fún ẹni tí kò lè kà á. Ó ronú kan obìnrin tó jókòó ti òun, tó rẹ́rìn-ín. Ta ló ń sè fún un nílé, kí ló sì ń sè?

Ìyá Ìkàrẹ́ tún gèlè rẹ̀ dì, ó tún tú u.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "bí ẹnì kan bá làágùn báyẹn, tí ó ń gbọ̀n, tí wọ́n sì fi ṣúgà dù ú, tí wọ́n ń fún un ní omi ewé títí ó fi kú. Ṣé nǹkan mìíràn lè wà tó pa á?"

Nọ́ọ̀sì náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Ìyá Ìkàrẹ́, ó sì wo Fẹ́yìsetán. Gbádérọ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró. Òun àti Fẹ́yìsetán mọ̀ pé ọyẹ́ kejì rèé tí wọ́n ti sin ọkọ Ìyá Ìkàrẹ́, tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ nígbà náà bí Ìyá Ìkàrẹ́ ṣe tọ́jú rẹ̀ tó, bí kò ṣe fi ẹsẹ̀ kan kúrò nídìí ibùsùn rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n padà délé. Gbádérọ̀ dùbúlẹ̀ sí yàrá, Títílọpẹ́ jókòó tì í. Fẹ́yìsetán lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní nìkan. Ti ọjọ́ mẹ́rin yìí wà níbẹ̀, ti ọdún méjìdínlógún wà níbẹ̀, ó ti kó wọn jọ bí ẹni tó ń kó igi, ó ti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ fà yọ. Ó ti fojú inú rí ara rẹ̀ ní ìdúró, tí kò kúnlẹ̀.

Ìyá Ìkàrẹ́ jókòó sórí àpótí kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó fi ń fún ewúro. Kò ké. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ṣí wọn sílẹ̀, àwọ̀ ewé ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Fẹ́yìsetán dúró. Ó wá àwọn ọ̀rọ̀ náà, kò rí ibi tí yóò gbé wọn kalẹ̀ sí. Ó padà wọlé, ó gbé tẹ̀tẹ̀ tí Títílọpẹ́ rà bọ̀ lójú ọ̀nà nínú àtẹ, ó fa àpótí mìíràn, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Ìkàrẹ́ na ọwọ́, ó mú ìdì kan, òun náà ń já a.

Wọ́n já a lọ. Òòrùn kúrò lórí ògiri kànga. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Ìyá Ìkàrẹ́ bi í léèrè bí ó ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀, kí òun tó dé. Ó béèrè láìgbé ojú sókè, ohùn rẹ̀ kéré.

Fẹ́yìsetán sọ fún un. Ó ní òun máa ń gé igi tó bá le dànù, òun máa ń fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta nítorí iyanrìn, lẹ́yìn náà òun á rẹ́ ẹ. Òun kì í jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà kú. Ata, àlùbọ́sà, irú díẹ̀, ṣíbí epo kan, tàbí méjì bí wọ́n bá pọ̀ nílé. Ẹja tó bá wà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí sítóòfù. Èbà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó tó ìkúùkù ọmọdé, ó sì fi ìkúùkù ara rẹ̀ hàn án, ó ní kó kéré sí èyí díẹ̀.

Ìyá Ìkàrẹ́ tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní ọbẹ̀ ilé ọkọ. Nígbà tí Fẹ́yìsetán sọ ọ́ tán, ó mú ewé kan, ó yí i lọ yí i bọ̀ láàárín ìka.

"Ó rọrùn tó báyìí," ó ní.

Fẹ́yìsetán kò wò ó. Ó mú ìdì mìíràn, ó pín in sí méjì, ó sì gbé ìdajì rẹ̀ lé e nítan.